Má Kan Ìṣó Mọ́ Ògiri

1

…nítorí náà ni mi ò ṣe tíì kàn án. Kì í ṣe pé mi ò ní òòlù. Òòlù wà. Ìṣó wà nínú àpò. Páànù wà nílẹ̀ ní Danmagaji níbi tí a ti ń kọ́lé, ó fara ti ògiri tí ó yẹ kó bò. Ògiri ti dìde. Amọ̀ ni.

Òjò sì ń bọ̀.

Gbogbo ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Ohun tó kù, bí mo ṣe rí i ni mò ń tò ó.


2

ÌKÉDE
(wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn wa ní Muchia, ilé tí a yá gbé)

SÍ GBOGBO AYÁLÉGBÉ
A fẹ́ wó ilé yìí, kí a fi kọ́ ibùgbé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Kí oníkálukú kó ẹrù rẹ̀ jáde kí oṣù yìí tó parí. A ò ní gba ẹ̀bẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ rán pásítọ̀ sí wa.
— ONÍLÉ

Mo kà á tán, mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, Olúwa, o ṣeun. Ìwé tíránsífà dé.

Motún, ìyàwó mi, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Tíránsífà síbo, Bàbá Beulah?”


3

Ẹni tó ń sọ̀rọ̀: Dúrójaiyé. Ọmọ relúwéè. Bàbá mi ló ń na àsíá sí ọkọ̀ ojú irin ní Zaria níbí, kọ́tà relúwéè ni wọ́n sì bí mi sí. Èmi ń tọ́jú sítọ́ọ̀ kan ní Chikaji. Ẹrù ń wọlé, ẹrù ń jáde. Kò sí èyí tó ń gbé ibẹ̀. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà.

Ìyá mi bímọ ṣáájú mi, wọn ò dúró. Nígbà tí mo dé, ó sọ mí ní Dúrójaiyé. Kì í ṣe orúkọ, ẹ̀bẹ̀ ni.

Bàbá mi ò bẹ̀bẹ̀. Láràárọ̀ ló ń sọ fún mi pé ayé kì í ṣe ilé, kí n má fìdí kalẹ̀.

Ọ̀kan ní kí n dúró. Ọ̀kan ní kí n múra àtilọ. Àwọn méjèèjì ló fẹ́ràn mi. Àwọn méjèèjì ti lọ.


4

ÒFIN ILÉ WA
bí bàbá mi ṣe ń là á kalẹ̀ lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀, tí àwa ń gbè é:

Má purọ́.
Má jalè.
Má sùn láìdúpẹ́.
Má kan ìṣó mọ́ ògiri.
Jẹ́ kí àpótí rẹ wà ní dídì.

Ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, wọ́n ní kí n ka Òfin Mẹ́wàá. Mo kà á, mo fi ti ìṣó kún un. Tíṣà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Mo rò pé Ìwé Mímọ́ tirẹ̀ ni kò pé.


5

Mo dàgbà. Mo wá a lójú ìwé gbogbo. Mi ò rí i.

Síbẹ̀ mi ò kan ìṣó.


6

Oríkì tí ìyá mi máa ń fi jí mi, bí mo bá sùn jù tí àyà rẹ̀ sì já:

Dúrójaiyé, ọmọ tí a fi omi ojú wẹ̀.
Àlejò tí a tẹ́ ẹní fún, tó ń wo ẹnu ọ̀nà.
Jókòó, ọbẹ̀ ń hó lórí iná.
Jókòó, ọ̀nà ò ní sá lọ.
Ẹni tó bá ní o ò ní gbó,
kó wá bá ọ di ọ̀pá ìtìlẹ̀ mú
lọ́jọ́ tí o bá ń rìn lọ gba ọmọ-ọmọ rẹ.


7

Ọkùnrin kan wà. (Kì í ṣe èmi. Ẹ jẹ́ kí n wò ó láti òkèèrè.)

Ògiri ilé rẹ̀ mọ́ tónítóní. Àwòrán ìgbéyàwó rẹ̀ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Aago rẹ̀ jókòó sílẹ̀, ó fara ti ògiri bí ọmọ tí wọ́n bá wí. Ìyàwó rẹ̀ so okùn mọ́ irin fèrèsé, ibẹ̀ ló ń fi aṣọ kọ́.

Àlejò bá wọlé, á wò yíká, á ní, “Ẹ kú ìkóẹrù o. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni?”

Ọmọ wọn Beulah ti ń lọ sílé ìwé. Inú yàrá yẹn ni wọ́n bí i sí.


8

DANMAGAJI. Ìdí ògiri.
Àwọn tó wà níbẹ̀: èmi, Motún, Jàmíù káfíńtà, ọmọ Ìlọrin tí wọ́n bí sí Sabon Gari.

JÀMÍÙ: Alàgbà, ẹ gba òòlù.
ÈMI: Ìwọ máa kàn án lọ.
JÀMÍÙ: Haba! Onílé ló ń kan ìṣó àkọ́kọ́. Bí bàbá mi ṣe ń ṣe é nìyẹn, bí bàbá tiẹ̀ náà ṣe ṣe é. Bí onílé ò bá tíì fọwọ́ ara ẹ̀ kan ọ̀kan, èmi ò ní gun òkè.
ÈMI: Tí mo bá ní kí Motún kàn án ńkọ́?
JÀMÍÙ: Ṣé òun ni baálé?
MOTÚN: Ó ku díẹ̀.
JÀMÍÙ: (ó ń rẹ́rìn-ín) Toh. Alàgbà, ṣé gíga ló ń bà yín lẹ́rù? Màá di àkàsọ̀ mú. Mo ti di ti Alhaji kan mú rí, ó sanra jù yín lọ.
ÈMI: Èmi kì í ṣe ará ayé yìí, Jàmíù. Ilé mi wà lókè.
JÀMÍÙ: Mo gbọ́. Àwa náà ń retí àlùjánnà. Àmọ́ bí a ṣe ń retí ẹ̀ yẹn, abẹ́ nǹkan kan la máa ń sùn sí, wallahi.

Motún rẹ́rìn-ín. Jàmíù rẹ́rìn-ín.

Mo gbé òòlù náà sílẹ̀ pẹ̀lẹ́, bí ìgbà tí ènìyàn ń gbé ọmọ tó ti sùn sílẹ̀.


9

Àwọsánmà kan wà ní ìlà oòrùn. Ó kéré.


10

Láti inú ìwé ìkéde ṣọ́ọ̀ṣì wa:

Ìkẹ́kọ̀ọ́ Ọjọ́rú: ARÌNRÌN-ÀJÒ NI WÁ.
Olùkọ́: Arákùnrin Dúrójaiyé.
Kí gbogbo ọmọ ìjọ wá tètè. Ẹni tó bá yá ìjókòó ìjọ lọ sí ayẹyẹ, kó jọ̀wọ́ kó o padà.

Mo kọ́ wọn. Ẹ̀mí bà lé mi. Mo ní ayé dà bí ibùdókọ̀, aṣiwèrè nìkan ló ń kun ògiri ibùdókọ̀ lọ́dà. Mo ní ìlú kan ń bẹ tí ọwọ́ ènìyàn kò mọ, kò ní páànù, kò ní òjò, nítorí Ọba ibẹ̀ gan-an ni ìbòòji. Wọ́n dìde dúró. Wọ́n ṣe Àmín títí fèrèsé fi ń mì.

Bí a ṣe ń rìn bọ̀ wálé, Motún sọ̀rọ̀ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.

“Ẹ kọ́ wọn dáadáa. Gbogbo wọn ló padà sílé tó ní òrùlé.”


11

OHUN TÓ WÀ NÍNÚ ÀPÓTÍ MI, tó wà ní dídì láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé:

Aṣọ funfun kan tí mi ò tíì wọ̀.
Ìwé orin tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já.
Ìyarun ìyá mi. Irun rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀.
Àsíá bàbá mi, aláwọ̀ ewé, èyí tó máa ń nà pé kí ọkọ̀ máa bọ̀.

Beulah jókòó tì mí bí mo ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ó fi ọwọ́ tú gbogbo rẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Ó wá bi mí ní Hausa, nítorí ní Hausa ló máa ń bèèrè ohun tó bá ń dùn ún:

“Baba, ina nawa?”

Ó ń bi mí pé tòun dà.


12

Kò sí nǹkan nínú nọ́ńbà yìí. Mo gbìyànjú láti dá a lóhùn níbí.






13

Orí fóònù. Mo wà ní Chikaji.

MOTÚN: Ẹ ti ń bọ̀?
MOTÚN: Jàmíù ní òun ti gbé àkàsọ̀ síbẹ̀
MOTÚN: Òjò rọ̀ ní apá Soba lánàá o. Wọ́n ní ó wó ògiri ẹnìkan tí kò tíì bò ó. Ó yọ́ bí iyọ̀
MOTÚN: Bàbá Beulah
MOTÚN: Mo rí i pé ẹ ti kà á
ÈMI: Olúwa yóò pèsè.
MOTÚN: Ó ti pèsè páànù. Ṣé kí Ó tún wá bá wa gun àkàsọ̀ ni?


14

Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Bàbá mi fẹ̀yìn tì. Ó padà sí Ọ̀ffà, ó kọ́ ilé. Relúwéè ti fún un ní aago nígbà tó ń lọ. Ó mú aago náà, ó mú òòlù, ó sì kan ìṣó kan mọ́ ògiri pálọ̀. Ọkùnrin tí kò kan ìṣó rí láyé rẹ̀. Ó gbé aago kọ́ ọ.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n pè wá. Ó sùn, kò jí.

Mo dé ibẹ̀. Àwọn ènìyàn ń sunkún, aago ń rìn. Èmi ò wo òkú. Ìṣó ni mò ń wò.


15

Ẹni tó bá kọ́lé tán tó kú, a ti gbọ́ tirẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló ní ọ̀kan. Wọ́n á ní ilé ló pa á. Èmi máa ń bá wọn wí. Mo máa ń ní, ẹ̀yin kèfèrí, ilé kì í pa ènìyàn.

Màá wí bẹ́ẹ̀ tán. Màá wọlé lọ wo ògiri mi.


16

Ohùn Motún, ó gbà á sórí fóònù, ó fi ránṣẹ́. Bí mo ṣe gbọ́ ọ ni mo ṣe kọ ọ́:

“Bàbá Beulah, mi ò fẹ́ jà. Iná ni mo wà nídìí ẹ̀. Mò ń ro tuwo, ẹ má bínú tí ariwo bá wà ńbẹ̀.

“Ẹ ní ká má kan nǹkan mọ́ ògiri, mo ní ó dáa. Mo fi okùn so ayé mi mọ́ fèrèsé. Táwọn ẹbí mi bá bi mí, màá ní ọkùnrin Ọlọ́run lọkọ mi, ojú ẹ̀ wà lókè. Mo fi yangàn. Ẹ gbọ́? Mo fi yangàn.

“Ṣùgbọ́n Màmá Adéṣọlá, àbúrò bàbá yín, ti sọ ọ̀rọ̀ aago yẹn fún mi. Ọjọ́ ti pẹ́. Mo dákẹ́ ni, mo ní ẹ máa sọ fún mi fúnra yín.

“Dúrójaiyé. Kì í ṣe ọ̀run lo fẹ́. Ikú lò ń sá fún. Ẹni tó fẹ́ràn ibi tó ń lọ kì í gbọ̀n tó bá rí ìṣó.

“Tó o bá kàn án, a jọ máa gbé ibẹ̀ títí Olúwa á fi pè wá. Tó ò bá kàn án, lọ́jọ́ tí wọ́n bá lé wa jáde ní Muchia, èmi àti ọmọ mi á wọkọ̀ lọ bá ìyá mi ní Kàbbà. Ìyá mi ní òrùlé.”

(Nǹkan ń hó.)

“Tuwo ti ń jóná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ra magí bọ̀.”


17

Ó pè mí ní ìwọ.


18

Mo ra magí bọ̀.


19

Ilé Màmá Adéṣọlá, àbúrò bàbá mi obìnrin, ní Sabon Gari. Inú kọ́tà ni òun náà ti dàgbà, lọ́dọ̀ bàbá mi. Eyín rẹ̀ ti dín kù, ahọ́n rẹ̀ kò dín.

MÀMÁ: Ìwọ rèé. Ọkùnrin ọ̀run. Jókòó sórí àga ayé.
ÈMI: Ẹ káàsán o, mà.
MÀMÁ: Ìyàwó rẹ ti pè mí. Kí ló ń ṣe ọ́?
ÈMI: Màmá, òfin ìṣó yẹn. Níbo ni bàbá mi ti rí i?
MÀMÁ: Òfin wo?
ÈMI: Má kan ìṣó mọ́ ògiri.
MÀMÁ: (ó wò mí, ó tún wò mí) Ṣé òótọ́ lò ń bi mí?
ÈMI: Ẹ jọ̀ọ́, mà.
MÀMÁ: Relúwéè ló ni òfin yẹn! Wọ́n kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn gbogbo kọ́tà. Ọ̀gá kan máa ń wá wo ògiri káàkiri. Tó bá rí ihò ìṣó, wàhálà dé. Ihò! Bàbá rẹ máa ń fi ọṣẹ dí èyí tó bá nílé kó tó dé.
ÈMI: Ṣùgbọ́n lẹ́yìn àdúrà ló máa ń kà á fún wa.
MÀMÁ: Ìgbà wo ni ì bá kà á? Ẹ̀yin ọmọ ò dákẹ́ nígbà míì. (ó ń rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́) Yéè! Láti ọjọ́ yìí wá, o rò pé Mósè ló gbé e bọ̀ látorí òkè?
ÈMI: (mo dìde, mo ń wá bàtà mi)
MÀMÁ: Má bínú, ọkọ mi. Má bínú. Wá gbọ́. Bàbá rẹ fẹ́ràn nǹkan kíkọ́ sára ògiri bíi kí ni. Ó máa ń wo ògiri àwọn ará ìlú, ó máa ń ní, “Adéṣọlá, lọ́jọ́ kan.” Lọ́jọ́ tó kan ìṣó yẹn ní Ọ̀ffà, mo wà níbẹ̀. Ó lù ú, ó wọ́, ó fà á yọ, ó tún un lù. Ó wá jókòó síwájú ẹ̀ bí ọmọdé tí wọ́n ra bàtà fún.
ÈMI: Ó sì kú.
MÀMÁ: Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa á. Láti kọ́tà ló ti ń gbé e kiri, kò jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀.
ÈMI: Ṣé ó ti múra sílẹ̀?
MÀMÁ: Àpótí ẹ̀ dà? Lọ́jọ́ tó o dé, àpótí ẹ̀ dà?
ÈMI: Mi ò rí i. Ìṣó ni mò ń wò.
MÀMÁ: Abẹ́ aago gan-an ló wà. Ó dì í pa. Ó fi ṣe àga, orí ẹ̀ ló ti ń wo aago. Dúró, ẹni tó mọ ibi tó ń lọ, kí ni ìṣó fẹ́ ṣe tó máa bà á lẹ́rù?


20

Bí Màmá ṣe rántí ọ̀rọ̀ ara ilẹ̀kùn náà:

AYÁLÉGBÉ KÒ GBỌDỌ̀ KAN ÌṢÓ MỌ́ ÒGIRI.
ÌWÉ TÍRÁNSÍFÀ LÈ DÉ NÍGBÀKÚGBÀ.

Mo ti ń sọ ọ́ lẹ́nu láti Sabon Gari títí dé Muchia. Mi ò mọ èyí tó yẹ kí n jù nù nínú ìlà méjèèjì. Ọ̀kan jẹ́ ti relúwéè.

Ìkejì náà jẹ́ ti relúwéè.

Ìkejì ṣì jẹ́ òótọ́.


21

Àdúrà, ní ìdúró, kò ṣe é kúnlẹ̀:

Olúwa. Èmi rèé. Mo ní mò ń dúró dè Ọ́. Ṣé Ìwọ ni mò ń dúró dè, àbí mò ń sá pamọ́ fún Ọ sẹ́yìn Rẹ gan-an?
Mo ní n kò fẹ́ ayé. Ta ló bi mí? Ọmọ mi ni ayé. Ìwọ lo fún mi.
Bí mo bá kàn án tí O pè mí lọ́sẹ̀ yẹn, màá jẹ́.
Màá jẹ́.
(Mo tún un sọ kí n lè gbọ́ bóyá irọ́ ni.)
Mi ò gbọ́ dáadáa. Páànù àwọn ará ilé kejì ń dún. Atẹ́gùn ni.


22

ORÍKÌ ÌṢÓ
(Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Ó ń ti ẹnu mi jáde bí mo ṣe ń di ẹrù.)

Ìṣó, olórí pẹlẹbẹ, ẹlẹ́sẹ̀ kan.
A-wọlé-má-kanlẹ̀kùn.
Ẹni tí a lù lórí tó torí ìyẹn dúró ṣinṣin.
O di pákó mú, pákó ò ké.
O di Ọmọ mú lórí igi, Ọmọ ké.
Ọwọ́ tí o gún, ọwọ́ káfíńtà ni.
Ó ti kan ìwọ ṣáájú kí wọ́n tó fi ọ́ kàn Án.
Ó kan ilẹ̀kùn fún àwọn tí yóò kú.
Ó kan àga fún àwọn tí yóò kú.
Kò sọ fún ẹnìkan pé ayé ò pẹ́, kó máa jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.


23

Wọ́n lé wa jáde.

Kì í ṣe pẹ̀lú ìjà. Àwọn òṣìṣẹ́ dé pẹ̀lú òòlù ńlá, wọ́n kí wa, “Sannunku,” wọ́n jókòó sábẹ́ igi, wọ́n ń dúró dè wá. A kó ẹrù wa sínú ọkọ̀ akẹ́rù kékeré. Kò pẹ́ rárá. Ilé tí a kò kan nǹkan mọ́, kò sí ohun tí a ń fà yọ.

Motún kó tirẹ̀ àti ti Beulah sínú àpò ọ̀tọ̀. Ó gbé àpò náà lé itan.

Awakọ̀ ní, “Madam, Danmagaji àbí gáréèjì?”

Motún wò mí.

Mo ní, “Danmagaji.”

Motún ní, “Ká kọ́kọ́ dé Danmagaji ná.”


24

Àwọsánmà ìlà oòrùn kò kéré mọ́.


25

DANMAGAJI.

JÀMÍÙ: Alàgbà! Ẹ wo ọ̀run! Mo ti ní mò ń lọ sílé.
MOTÚN: Jàmíù, dúró díẹ̀.
JÀMÍÙ: Mo dúró, Ìyá Beulah. Òjò ni ò ní dúró.
ÈMI: Ẹ jẹ́ kí n gbé nǹkan kan wọlé.
MOTÚN: Nǹkan wo? Báyìí?

Mo gbé àpótí mi wọ inú yàrá tí kò ní òkè. Mo gbé e sí ìdí ògiri, ibi tí aago lè wà bí aago bá máa wà. Mo ṣí i. Mo kó aṣọ Beulah kan sí i, èyí tó ní òdòdó lọ́rùn. Mo kọjú sí Motún, mo ní kó fún mi ní gèlè kan.

MOTÚN: Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?
ÈMI: Fún mi, jọ̀ọ́.

Ó tú èyí tó wà lórí rẹ̀. Mo dì í mọ́ àsíá bàbá mi. Mo ti àpótí.

Ó rí i. Àpò ṣì wà léjìká rẹ̀.


26

Mo gun àkàsọ̀. Jàmíù di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó ń sọ “Bismillah” bí ẹni pé òun ló ń gùn ún. Mo dé orí ògiri. Mo rí Danmagaji, páànù lẹ́gbẹ̀ẹ́ páànù, gbogbo wọn ti pupa. Gbogbo àwọn tó wà lábẹ́ wọn ló máa kú. Gbogbo wọn ló ti kan ìṣó.

Mo fi ẹnu ìṣó lé pákó tó wà lórí ògiri.

Mo fa òòlù yọ ní ìgbànú.

Beulah wà lórí ẹrù nínú ọkọ̀, ó na ọwọ́ sókè, ó ń pariwo, “Baba, ruwa! Baba, òjò!”

Ohun kan tutù kán sí mi lọ́rùn.

Mo gbé òòlù sókè. Mo di ojú.


27

Nǹkan dún.

Motún ní, “Ó ti kàn án!”

Jàmíù ní, “Ààrá nìyẹn.”


28

Mi ò tíì la ojú, òòlù ṣì wà lókè…